Áàpù Tí Tíṣà Ò Lè Lò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Lọ́yà ilé iṣẹ́ wa ò tiẹ̀ jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lónìí. Orí ìdúró ló ti sọ fún wa pé òfin tuntun náà ti jáde, kò sì sí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, áàpù yòówù tí ará ìlú bá ń lò fún ọ̀rọ̀ ìlera gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún afọ́jú, fún adití, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, fún gbogbo ẹni àkàndá. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìjọba á tì í pa.

Ọ̀gá ní, "Ṣé tiwa náà wà níbẹ̀?"

Lọ́yà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi bóyá omi máa ń tutù. "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe orí tiwa ni àwọn aláìsàn ti ń gba ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà ni? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò wọn ń bọ́ sí?"

Ilé ìwòsàn ńlá, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń bọ́ wa, ti sọ tiẹ̀ ṣáájú: tá a bá kùnà níwájú olùyẹ̀wò ìjọba, kí oníkálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Tí ilé ìwòsàn yẹn bá lọ, àga tó wà nínú ọ́fíìsì wa á pọ̀ ju èèyàn lọ.

Gbogbo wọn yíjú sí mi, torí èmi ni mo ṣáájú àwọn tó ń ṣe áàpù náà. Mo ní, "A máa ṣe é." Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ, àmọ́ ọkàn mi náà ò pẹ́ kó tó bá a lọ́nà.

Nígbà tí mo délé, bàbá àwọn ìbejì bi mí pé, "Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Rárá."

"O wá ní ẹ máa ṣe é?"

"Ṣé àwa méjèèjì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ìbejì kí wọ́n tó dé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kó àwo lọ fọ̀. Òjò ò dá látìgbà tí mo ti wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà

Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, mo tan ohùn tó wà nínú fóònù, èyí tí í máa ka ohun tó bá wà lójú rẹ̀ fún afọ́jú. Mo fi gèlè wé ojú mi pinpin, mo ṣí áàpù wa.

Ohùn náà ní, "Bọ́tìnnì."

Mo sún ìka mi síwájú. "Bọ́tìnnì." Mo tún sún un. "Àwòrán. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì."

Ó dà bí ìgbà téèyàn dé ilé kan, tó béèrè orúkọ àwọn ọmọ, tí wọ́n ní gbogbo wọn ń jẹ́ "Ìwọ." Mo ń wá dókítà ojú. Mo tẹ̀, mo tẹ̀, mo gbọ́ pé wọ́n ti gbà mí wọlé. Mo tú gèlè. Ọ̀dọ̀ àwọn aboyún ni mo ti forúkọ sílẹ̀.

Mo yáa tètè pè kí wọ́n fagi lé e kó tó dé etí bàbá àwọn ìbejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà

Iná ò sí. Òjò ò dá. Owó ọkọ̀ tún ti lé. A ṣiṣẹ́ ṣá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà

Àwọn méjì tí ẹgbẹ́ àwọn ẹni àkàndá bá wa wá láti máa dán áàpù náà wò ti dé. Obìnrin ni ọ̀kan, ó ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ìwé girama, ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré. Kó tó di ọ̀sán, Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá àgbàlagbà ni èkejì. Iṣẹ́ káfíńtà ló fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ kí àìsàn tó sọ ọwọ́ rẹ̀ di ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́.

Aṣọ́nà wa fẹ́ ṣe dáadáa. Ó di Tíṣà lápá mú, ó ń fà á bọ̀. Tíṣà dúró gbọin. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má wọ́ mi bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu. Èmi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí n di ìgbọ̀nwọ́ yín mú. Ẹ máa lọ, màá máa tẹ̀ lé yín."

Aṣọ́nà tọrọ gáfárà, àwọn méjèèjì wọlé bí ọba àti ìwẹ̀fà.

Ó jókòó, ó tan ohùn fóònù rẹ̀. Ohùn náà ń sáré débi pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò mú ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Òṣùmàrè, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ya ojú áàpù wa, tó sì fẹ́ràn àwọ̀ bí ìkookò ṣe fẹ́ràn ẹran, béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń sọ?"

Tíṣà ní, "Ó ní ẹ ò tíì ṣiṣẹ́ yín."

Ó wọnú kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi ń mú ọjọ́, kò sì ríbi jáde mọ́. Síwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. "Mo ti wọlé yín o," ó ní. "Ẹ wá ṣílẹ̀kùn fún mi kí n máa lọ sílé."

Ó tó àsìkò Káfíńtà. Àmì tí wọ́n ń tẹ̀ láti pa ìkéde tó yọ sójú áàpù dé ò ju orí ìṣó lọ. Ó na ìka sí i, ìka rẹ̀ gbọ̀n, ó lọ tẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó ti kọ parẹ́. Ó tún un ṣe. Ó tún parẹ́.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó, ìṣó tó bá kéré báyìí, ẹ̀mú la fi ń mú un. Níbo lẹ fi ẹ̀mú yín sí?"

Gbogbo ohun tí wọ́n rí pátá ni mo kọ sílẹ̀. Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tá a ti rójú rẹ̀ ò lè dẹ́rù bani mọ́. Èyí tá ò rí ni mò ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù kẹfà

Gbogbo bọ́tìnnì ojú ewé àkọ́kọ́ ti lórúkọ. Ẹnjiníà wa kan sọ ọ̀kan ní "bọ́tìnnì pupa." Tíṣà fi ohùn ránṣẹ́: "Mo gbọ́ pé pupa ni. Ẹ kú àwọ̀. Kí ló ń ṣe?"

A yí i padà sí "Gba ọjọ́ dókítà." Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ti ń pe ẹnjiníà yẹn ní Pupa báyìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Èmi àti Òṣùmàrè fa ọ̀rọ̀. Lẹ́tà eérú lórí ojú funfun ló fi ṣe áàpù náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn àkọ́bí. Mo ní kó mú kó dúdú sí i, kó sì tóbi, torí òfin sọ ọ́, àti torí ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì.

"Aǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kó dà bíi pátákó tí wọ́n kọ 'Ẹ má tọ̀ síbí' sí ni?"

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà tí kì í rí pátákó yẹn kà?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Láti ọdún tá a ti ń lò ó, àwọn tó ń kà á ò ṣàròyé."

Mo ní, "Àwọn tí ò lè kà á náà ò ṣàròyé. Wọ́n kàn lọ ni."

Ó kó kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó jáde. Mi ò pè é padà. Èèyàn tó mọṣẹ́ tó báyìí, tó bá ń bínú, ẹ jẹ́ kó bínú tán. Ó máa padà wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Ó padà wá. Àwọ̀ aró tó dúdú dáadáa ló wà lójú áàpù náà, lẹ́tà rẹ̀ sì yọ ketekete. Kí n sòótọ́, ó tún rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mi ò béèrè nǹkan kan, òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní òun gbé e lọ fún ìyá òun kí wọ́n bá òun dá ẹjọ́ náà. Ìyá gba fóònù, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n gbé e súnmọ́, wọ́n ní, "Ó dára gan-an ni, ọmọ mi. Orí ẹ pé."

"Mo wá ní kí wọ́n ka ìlà àkọ́kọ́ fún mi," Òṣùmàrè ní. "Wọ́n ní àwọn ò mú jígí ojú àwọn dání. Aǹtí, jígí náà wà lójú wọn."

Mo ní kó lọ tọ́jú àwòrán tuntun náà kó má sọnù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje

Ọ̀gá pè mí sí yàrá rẹ̀. Ọkùnrin oníkóòtù kan jókòó níbẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ó ní nǹkan kékeré kan lòun ń tà, ẹ kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun áàpù yín. Kó tó di ọ̀la, ó ní, áàpù ti di ohun tí gbogbo ẹni àkàndá lè lò nìyẹn, òfin ò ní lè fọwọ́ kàn yín.

Mo bi í pé, "Afọ́jú mélòó ló ti bá yín dán an wò?"

Ó ní, "Madam, ẹ̀rọ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀gá ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó tiẹ̀ ti pe ilé ìwòsàn ńlá láàárọ̀, ó ní a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣetán pátápátá. Lẹ́yìn tí Oníkóòtù jáde, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ohun tá a máa fi oṣù mẹ́ta ṣe, èyí á fi ọjọ́ kan ṣe é."

Mo ní, "Ọ̀gá, kò sí ọ̀nà àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ẹ jẹ́ kí Tíṣà fọwọ́ kàn án. Tí ó bá ṣiṣẹ́ fún un, mi ò ní wí nǹkan kan mọ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mi ò ní bọwọ́ lù ú níwájú olùyẹ̀wò."

Ojú rẹ̀ le. Tèmi náà ò rọ̀. Ó gbà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje

Tíṣà dé, Oníkóòtù dé, Ọ̀gá jókòó sáàárín wọn. Bí Tíṣà ṣe ṣí áàpù tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ náà, ohùn fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohùn tó wà nínú nǹkan Oníkóòtù náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó wá di ariwo orogún méjì nídìí ìkòkò kan.

Tíṣà ní, "Ẹ ní kí ọ̀kan dákẹ́."

Oníkóòtù ní, "Ẹ kọ́kọ́ pa ti fóònù yín, mà."

"Tí mo bá pa á, kí ló máa fi ibi tí tiyín wà hàn mí?"

Oníkóòtù nàka sí ojú fóònù náà. Ó ní kí Tíṣà tẹ apá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, ibi àwòrán kékeré aláwọ̀ ewé. Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ojú tiẹ̀ tì mí fún un.

Ọ̀gá dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà, ó gbé fóònù níwájú gbogbo wa, ó pe ilé ìwòsàn ńlá. "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí, mo yára sọ ọ́. A ò tíì ṣetán. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tó pé, a máa ṣetán."

Ẹni tó bá fẹ́ bú Ọ̀gá níwájú mi lónìí, kó lọ wá ibòmíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù keje

Mo lọ bá Tíṣà nílé ìwé rẹ̀ kí n fi kàlẹ́ńdà tuntun hàn án. Ó wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó tún jáde. "Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ilẹ̀kùn ti wà." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè.

Òjò ò jẹ́ kí n lọ. A jókòó sí fàráńdà kíláàsì, omi ń dà wìì látorí páànù. Mo béèrè ohun tó kàn tó yẹ ká tún ṣe.

"Èsì àyẹ̀wò," ó ní. "Àwòrán bébà ni láàbù ń fi ránṣẹ́. Ohùn fóònù mi ò lè ka àwòrán. Gbogbo ohun tó máa ń sọ ò ju 'Àwòrán' lọ."

Mo ní a ti mọ̀ ọ́n, ó wà nínú iṣẹ́ tá a fẹ́ ṣe lóṣù tó ń bọ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó gbẹ̀yìn." Ó yí ojú síbi tí òjò ti ń rọ̀. "Èmi àti bàálé mi ti ń wá ọmọ, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́fà. Lọ́dún tó kọjá mo lọ ṣe àyẹ̀wò. Èsì wọlé lọ́sàn-án, bàálé mi wà ní ìrìn àjò. Mo gbé fóònù fún àbúrò rẹ̀ obìnrin pé kó bá mi kà á. Ó dákẹ́. Mo ti mọ̀ látinú dídákẹ́ yẹn. Ó wá kà á. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi ti pè láti bá mi dárò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà pè. Èmi ni mo lara, ẹlòmíì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàálé mi fúnra rẹ̀, ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́."

Ó fọwọ́ kan orúnkún mi.

"Mi ò sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè sunkún o. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ iṣẹ́ tó kàn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ

Ọ̀gá láàbù ilé ìwòsàn ńlá ò gbà. Bàbá olóòótọ́ ni, ó kàn rin kinkin mọ́ ìlànà. Ó ní òǹtẹ̀ àti ìbọwọ́lùwé ni iyì èsì, òun ò lè fi ọ̀rọ̀ lásán ránṣẹ́ bí ẹni ń kí èèyàn kú ọdún. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó fún mi lómi mu, ó sì ní rárá.

Tòmátì ti wọ́n lọ́jà débi pé mo rà á bí ẹni ń ra oògùn. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ń wúkọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ

Mo tún lọ, ṣùgbọ́n mi ò dá lọ. Lọ́yà tẹ̀ lé mi. Ọ̀gá tiwa náà ní òun ń bọ̀, mi ò tiẹ̀ pè é.

Lọ́yà ní a ò ní kí wọ́n yọ òǹtẹ̀ kúrò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí fóònù lè kà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi bébà olóǹtẹ̀ tẹ̀ lé e. Méjèèjì á jọ wọlé. Bàbá láàbù ní iṣẹ́ á di méjì fún àwọn ọmọ òun. Mo ní kọ̀ǹpútà wọn ti ní ọ̀rọ̀ náà nínú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àwa la máa fà á jáde, ọmọ wọn kankan ò ní fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ó ṣì ń mi orí. Ọ̀gá wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ṣe àyẹ̀wò ara tiyín, ta ló máa ń ka èsì rẹ̀ fún yín?"

"Fún mi kẹ̀? Èmi ni mo ń kà á fúnra mi. Kí ló kan ẹlòmíì?"

Ọ̀gá kàn ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́.

Bàbá náà gbá tábìlì pẹ́pẹ́, ó rẹ́rìn-ín ẹni tí wọ́n mú. "Ó dáa. Ẹ rán àwọn ẹnjiníà yín wá lọ́jọ́ Ajé."

Mi ò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ Tíṣà níbẹ̀ rárá. Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ọ̀gá ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó rí ojú ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Nínú ọkọ̀, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun." Ó ní ká má dúpẹ́, ká kàn máa gbàdúrà kí ọkọ̀ yìí délé, torí táyà ẹ̀yìn ò dá òun lójú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ

Káfíńtà gba ọjọ́ dókítà fúnra rẹ̀ lónìí! Àwọn bọ́tìnnì ti fẹ̀, wọ́n jìnnà síra wọn, tí ìka bá sì ṣì tẹ nǹkan, áàpù á kọ́kọ́ béèrè bóyá ó dá a lójú kó tó pa ohunkóhun rẹ́. Kò yára. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Nígbà tí fóònù ní wọ́n ti gbà á wọlé, ó gbé e sókè bí ẹni gba ife-ẹ̀yẹ.

Ó ní, "Ọmọbìnrin mi ló máa ń bá mi ṣe é. Mo máa pè é nísinsìnyí kí n sọ fún un pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

A ti kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo fídíò wa kí adití lè máa kà á. Tíṣà ti dán èsì àyẹ̀wò tá a fi ṣe àpẹẹrẹ wò, fóònù kà á látòkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí olùyẹ̀wò ìjọba dé. Ara mi balẹ̀ bí omi inú àmù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ

Olùyẹ̀wò dé. Adití ni. Ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ rẹ̀ ń gbé e jáde lẹ́nu. Ọkùnrin tútù, ó mọ́ tónítóní, kì í fi nǹkan falẹ̀.

Ó dán gbogbo rẹ̀ wò. Ó fi ohùn fóònù ṣe é, ògbufọ̀ ń sọ ohun tó gbọ́ fún un. Ó fi kíbọ́ọ̀dù nìkan ṣe é. Ó sọ lẹ́tà di ńlá títí tó fi kún ojú fóònù. Ó ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò, ó mi orí pé ó dára. Mo ti ń rẹ́rìn-ín nínú. Òṣùmàrè ń tẹ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ó wá ṣe bí ẹni pé òun fẹ́ fagi lé ọjọ́ tí wọ́n fún òun. Áàpù wa ní, "Láti fagi lé e, ẹ pe nọ́ńbà yìí."

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ péré. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní, kí lòun máa fi gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ?"

A ti ro ojú, a ro ọwọ́. Nígbà tá a dé orí etí, fídíò la tún ṣe, a sì rò pé ó tán. Nọ́ńbà yẹn ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀, a ò rí i mọ́, bí èèyàn ṣe kì í rí ògiri ilé ara rẹ̀.

Mo dìde. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò wo ojú ògbufọ̀, mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Àṣìṣe wa ni. Ọjọ́ mélòó lẹ lè fún wa?"

Ó ní òun máa padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Kó tó lọ, ó tún sọ nǹkan kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní níbi tóun ti wá lánàá, wọ́n bá òun jiyàn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ

Pupa ń ṣe bọ́tìnnì tí wọ́n á fi máa fagi lé e. Èmi ń ṣe ibi tí aláìsàn á ti máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ dípò kó pè. Bàbá àwọn ìbejì gbé oúnjẹ wá fún gbogbo ọ́fíìsì. Wọ́n yìn ín débi pé n ò lè bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń bá a sọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹjọ

Olùyẹ̀wò tẹ bọ́tìnnì, áàpù fagi lé ọjọ́ rẹ̀. Ó wá kọ̀wé sí ibi tuntun yẹn: "Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

Ọ̀gá ló jókòó sí kọ̀ǹpútà lápá kejì. Ó ní òun lòun máa kọ́kọ́ dáhùn, kò sẹ́ni tó lè lé òun kúrò níbẹ̀. Ìka méjì ló fi ń tẹ lẹ́tà, ó sì gba àkókò. Gbogbo wa dúró. Nígbẹ̀yìn ìdáhùn rẹ̀ wọlé: "A wà níbí o, sà. Kí la lè ṣe fún yín?"

Olùyẹ̀wò kà á, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń mì wọ́n lójú òfúrufú. Ògbufọ̀ ní bí àwọn adití ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Gbogbo ọ́fíìsì náà gbé ọwọ́ sókè, a ń mì í. Tẹ́nì kan bá wo inú ilé látojú fèrèsé, á ní orí àwọn yìí ti yí.

A yege. Ó ní nǹkan kéékèèké méjì ló kù, ó sì fún wa ní oṣù kan láti tún wọn ṣe. Ilé ìwòsàn ńlá ti gbọ́. Lọ́yà jókòó lónìí kó tó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Òfin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti àná. Àwa náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Oòrùn ràn, gbogbo aṣọ gbẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án

Tíṣà pè mí nírọ̀lẹ́, mò ń ká aṣọ àwọn ìbejì. Ó ní òun lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èsì rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án òní, inú yàrá àwọn olùkọ́ lòun wà.

"Wọ́n kún ibẹ̀. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Mo ki íápíìsì sí etí kan, ó kà á fún mi látòkè dé ìsàlẹ̀ láàárín gbogbo wọn. Ẹni tó jókòó tì mí ń bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ̀pà."

Ẹnu mi ti là láti béèrè ohun tí èsì náà sọ. Mo pa á dé.

Ó rẹ́rìn-ín nínú fóònù. "Mo gbọ́ o. Mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì."

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ ṣeun." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Màá sọ fún bàálé mi lálẹ́ yìí. Ó sì lè jẹ́ lọ́la. Mo ṣì fẹ́ kó wà lọ́wọ́ èmi nìkan ná."

A kí ara wa pé ó dàárọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ ni, tàbí kí n má yọ̀. Mo padà sídìí aṣọ.

Bàbá àwọn ìbejì yọjú láti kíṣìnnì. "Ta ló pè?"

"Tíṣà ni."

"Kí ló wí?"

Mo na ṣẹ́ẹ̀tì kékeré kan, mo ká a sí méjì. "Ó ní áàpù náà ń ṣiṣẹ́."